Pa Ìwé Dé, Kí O Bi Ara Rẹ Léèrè

Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lójú ewé yìí pé mo ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́, pé mo sì ti di akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì pẹ̀lú ọkọ nílé àti ọmọ méjì lọ́rùn, àwọn lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí mi ti pọ̀ ju èyí tí mo lè fèsì sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ mọ ẹni tí ń bá mi gbé ọmọ. Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tí ìyá ọkọ mi sọ (ọ̀rọ̀ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn). Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí n kò lè gbé sẹ́yìn. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ni ó kọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ padà lọ kàwé, ọkọ òun sì ti gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ni iyè òun ti ra. Òun a ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò ní ku nǹkan kan lórí òun. Ó wá béèrè bóyá kí òun kúkú jẹ́ kí owó náà lọ sórí ọjà títà, nítorí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá san fún ẹni tí orí rẹ̀ ti kú, inú odò ni a jù ú sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ̀rù yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin tún fojú kan ìwé mọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Nítorí náà, gbogbo ojú ewé tòní ni n ó lò lé e lórí, n ó sì sọ ohun tí mo rí láàárín ọdún mẹ́ta tí mo ti ń jókòó sí kíláàsì níwájú oríṣiríṣi olùkọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé iyè ìyá yìí kò ra rárá. Ọ̀nà tí ó gbà ń kàwé ni kò bá irú ayé tí abiyamọ ń gbé mu. Ọmọkùnrin tí ó ń gbé inú ọgbà yunifásítì, tí kò ní ọmọ láti wẹ̀, tí kò ní ọbẹ̀ lórí iná, lè fi wákàtí mẹ́fà ṣòfò kí ó sì tún rí mẹ́fà mìíràn. Èmi àti ẹ̀yin, wákàtí kan tàbí méjì ni a ń rí, lẹ́yìn tí ilé bá ti dákẹ́. Bí a bá fi ìyẹn ṣòfò, ó parí.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó bá wọn ní kíláàsì lóru, àwọn mìíràn a ti ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù kí oorun má baà gbé wọn lọ. Wọn a ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn a sì tún padà sí òkè. Wọn a fi yíǹkì pupa fa ìlà sí ìdí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì, títí gbogbo ojú ewé yóò fi pọ́n bí epo. Ó jọ iṣẹ́, ó sì ń rẹ ara bí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí John Dunlosky ṣáájú wọn, yẹ ọ̀nà ìkàwé mẹ́wàá wò fínnífínní. Ìlà fífà àti àkàtúnkà wà lára àwọn tí wọ́n ní èrè wọn kéré jù lọ. Méjì ni ó gba ipò iwájú: kí ènìyàn máa dán ara rẹ̀ wò, àti kí ó pín ìwé kíkà sí ọjọ́ púpọ̀ dípò kí ó di gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ kan.

Ìwádìí kan tún wà tí ó là mí lójú ju gbogbo ìyókù lọ. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní Yunifásítì Washington tí ó wà ní ìlú St. Louis, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Wọ́n ní kí apá kan kà á ní ìgbà mẹ́rin. Wọ́n ní kí apá mìíràn kà á ní ìgbà kan péré, kí wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta láìwo ìwé. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ni wọ́n gbégbá orókè: ìdá 83 nínú 100 ni wọ́n rántí, nígbà tí àwọn tí ó pa ìwé dé rántí 71. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n fi í mọ sí, à bá ní àkàtúnkà ni ọba. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ya àwọn kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, àwọn tí wọn kò dán wò àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà náà, àwọn alákàtúnkà ti bọ́ sí 40. Àwọn tí ó pa ìwé dé ṣì mú 61 dání.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ pàdé obìnrin kan ní ìsọ̀ aláṣọ. Ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ̀ pé ẹ jọ wà níbi ìnáwó kan rí. Ó kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì béèrè ọmọ yín ní orúkọ. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ kọ̀, kò wá sí yín lẹ́nu. Mímọ ojú ọ̀tọ̀, mímọ orúkọ ọ̀tọ̀. Bí a bá ń ka ìwé lákàtúnkà, ojú ọ̀rọ̀ ni a ń mọ̀. Gbogbo rẹ̀ a dà bí ohun tí a ti mọ̀ látijọ́, ọkàn wa a sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni olùdánwò ń béèrè. Ìgbà tí a bá pa ìwé dé, tí a sì fi agídí wá ọ̀rọ̀ náà rí nínú ara wa, ni orúkọ tó ń dúró. Bí ọ̀nà odò ni ó rí: ẹsẹ̀ tí ń tọ̀ ọ́ ni kì í jẹ́ kí koríko bò ó.

Kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ mọ èyí. Kí ni àlọ́ àpamọ̀ tí a ń pa lálẹ́ kí àlọ́ onítàn tó bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè ni. Àgbà kò ní sọ fún ọmọ pé omorogùn ni ó ń ki orí bọ ohun tí ó ń hó láìbẹ̀rù. Yóò sọ ọ́ ní òwe, yóò sì dákẹ́, ọmọ ni yóò máa fi orí wá a kiri inú ilé ìdáná títí yóò fi rí i. Bí kò bá rí i lónìí, wọn yóò tún pa á fún un lọ́la. Ẹ tún wo ìyá aránṣọ. Kò ní fi ọdún kan ṣàlàyé bí a ṣe ń gé ọrùn aṣọ. Ó fún ọmọ iṣẹ́ ní ìwé sìmẹ́ǹtì, ó ní kí ó gé e kí òun rí i. Ibi tí ó bá ti gé e wọ́ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ti mọ èyí látilẹ̀, nígbà tí a gbé ọmọ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ funfun, a fi ìyẹn sílẹ̀ fún "ẹ sọ ọ́ tẹ̀ lé mi."

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni ó kàn. Mo ní olùkọ́ kan ní yunifásítì wa tí ó máa ń wọlé pẹ̀lú ìwé kan tí etí rẹ̀ ti gbó. Bí ó bá ti jókòó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àwa náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Bírò ń sáré lórí ìwé, ọkàn wà lọ́jà. N kò sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dénú. N kò sì fẹ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó rọrùn láti kọ́ irínwó ènìyàn nínú gbọ̀ngàn tí kò ní gbohùngbohùn, tí iná sì lè lọ nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá jáde níbẹ̀, bí ẹ bá bi mí ní ẹnu ọ̀nà pé kí ni a kọ́, ìwé ni n óò ṣí.

Olùkọ́ obìnrin kan sì wà tí ó kọ́ wa nípa ìdàgbàsókè ọmọdé lọ́dún tí ó kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú ife dígí mẹ́ta àti omi nínú ike. Méjì nínú ife náà kúrú, wọ́n sì fẹ̀. Ẹ̀kẹta ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó bu omi sí ife kúkúrú méjèèjì lọ́gbọọgba. Ó wá da omi inú ọ̀kan sínú ife gíga, omi náà sì yọ sókè. Kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ó ní, "Bí ẹ bá bi ọmọ ọdún márùn-ún pé èwo ni omi rẹ̀ pọ̀ jù, kí ni yóò sọ? Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹ má wo ti ẹnikẹ́ni." A kọ ọ́. Ó wá ní kí oníkálukú kọjú sí ẹni tí ó jókòó tì í, kí ó sọ ìdí tí òun fi rò bẹ́ẹ̀, kí ó sì gbìyànjú láti yí èkejì lọ́kàn padà. Ariwo sọ bí ọjà alẹ́. Ọmọkùnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kò sí bí ọmọ ọdún márùn-ún yóò ṣe gọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á. Mo ní kí ó lọ bu ògì fún ọmọ méjì nínú ife tí kò bára mu, kí ó wá padà wá bá mi. Ẹ̀yin abiyamọ mọ ẹkún tí mo ń wí.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí olùkọ́ wa tó dárúkọ Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó gbé ayé láti 1896 sí 1980, tí ó fi irú ìdánwò yìí mọ bí ọmọdé ti ń ronú. Ó ṣàlàyé pé ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún méje sábà máa ń fi ojú díwọ̀n: bí omi bá ti ga, ó ti pọ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bu omi kún un. Kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe ojúkòkòrò. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a lọ dán an wò nílé.

Mo dán ọmọ mi wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó nàka sí ife gíga láìronú. Mo da omi padà sínú ife kúkúrú. Ó ní wọ́n ti dọ́gba. Mo tún dà á sínú èyí tí ó ga. Ó ní ó ti pọ̀ sí i, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. N kò ṣí orí ìwé náà láti ìgbà náà wá, síbẹ̀ mo ń sọ ọ́ fún yín láìwo ibì kankan. Ó tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ nínú ilé: n kò bínú mọ́ nítorí ẹkún ògì, ife tí ó bára mu ni mo lọ rà.

Irú ìkọ́ni báyìí ní ìtàn tirẹ̀. Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Harvard ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń yanjú ìṣirò líle láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fún wọn ní ìbéèrè tí kò ní ìṣirò nínú rárá, irú èyí tí ó ń béèrè pé bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá kọlu ọkọ̀ kékeré, èwo ni ó fi agbára jù lu èkejì, ọ̀pọ̀ wọn ṣì í. (Agbára méjèèjì dọ́gba, nítorí pé ọkọ̀ kékeré fúyẹ́ ni ó fi ń jẹ ìyà jù.) Ó wá yé e pé wọ́n ti há ìlànà sórí, ohun tí ìlànà náà ń sọ ni kò yé wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń béèrè, tí ó ń jẹ́ kí wọ́n dáhùn, kí wọ́n bá ara wọn jiyàn, kí wọ́n sì tún dáhùn. Ní ọdún 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ nípa bí a ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bíi 34 nínú 100 ni ó ń fìdí rẹmi. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáhùn tí wọ́n sì ń ṣe nǹkan, ó jẹ́ bíi 22. Ènìyàn méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá rántí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ òmíràn nínú wọn, orí àtẹ ìyá rẹ̀ ni ó ti wá, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Àwọn ẹgbẹ́ mi kan kò fẹ́ràn olùkọ́ onífe dígí yìí rárá. Wọ́n ní kò kọ́ àwọn ní nǹkan kan, pé àwọn ni ó ń fi ìbéèrè dà láàmú, pé èyí tí ń kàwé fún àwọn ni ó mọ̀ ọ́n kọ́. Èyí náà kò ṣàjèjì. Ní ọdún 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi ọ̀nà méjèèjì wéra ní kíláàsì físíìsì. Àwọn tí wọ́n fi ìbéèrè kọ́ mọ̀ ọ́n jù nígbà ìdánwò, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni wọ́n rò pé àwọn kò mọ̀ ọ́n tó. Ẹ̀kọ́ tí ó ń wọlé ń ni ènìyàn lára, èyí tí kò dúró sì ń dùn létí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn mọ̀ pé bí ó bá pa ìwé dé, tí ọ̀rọ̀ náà sì ṣòro láti rántí, ìṣòro náà gan-an ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Kí ó má sá fún un.

Wàyí o, irinṣẹ́ wo ni mo ń lò? N kò ní ju ẹyọ kan tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ wá páálí, ìbáà ṣe ti ṣúgà tàbí ti wàrà, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹ kọ ìbéèrè sí ojú kan, ẹ kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí páálí kan; bí ẹ bá di mẹ́ta pọ̀, ẹ ó máa tan ara yín jẹ. Ẹ wá àpótí bàtà, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Yàrá àkọ́kọ́ ni gbogbo páálí tuntun ń gbé, ojoojúmọ́ ni ẹ ó sì máa bi ara yín ní èyí tí ó wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá dáhùn láìwo ẹ̀yìn, ẹ sún un sí yàrá kejì, tí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹ bá tún gbà á, ó di yàrá kẹta, tí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ti oṣooṣù. Èyí tí ẹ bá ṣì, ibikíbi tí ó ti dé, yàrá àkọ́kọ́ ni yóò padà sí. Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn kan ní Jámánì, ni ó gbé ètò àpótí yìí jáde nínú ìwé ní ọdún 1972. Ọmọ Jámánì mìíràn, Hermann Ebbinghaus, ti fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí kí ó tó di 1885: ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì rí i pé láàárín wákàtí kan péré, ó ti ju ìdajì lọ tí ó bọ́, lẹ́yìn náà ni ìbọ́ náà yóò wá dẹwọ́. Ohun tí àpótí yìí ń ṣe ni pé ó ń pàdé ọ̀rọ̀ ní ìgbà tí ó fẹ́ bọ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù ìgbàlódé lè béèrè pé ṣé kò sí èyí tí ó rọrùn ju páálí lọ. Ó wà. Ọ̀kan wà tí a ń pè ní Anki, tí ó ti wà láti ọdún 2006, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣírò ọjọ́ tí páálí kọ̀ọ̀kan yóò padà wá. Mo ti lò ó, ó dára. Ṣùgbọ́n ní tèmi, páálí ni mo yàn. Kò béèrè iná, kò béèrè dátà, kò sì sí ìyàwó àbúrò ọkọ tí yóò fi fọ́tò aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí mi láàárín ìbéèrè méjì.

Fún ìwé tí ẹ ń kọ ní kíláàsì, ẹ fa ìlà kan lulẹ̀ sí apá òsì, kí àyè ibẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Apá ọ̀tún ni kí ẹ kọ ohun tí olùkọ́ sọ sí. Bí ẹ bá délé, ẹ kọ ìbéèrè sí apá òsì, kí ẹ fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún, kí ẹ sì dáhùn. Walter Pauk ti Yunifásítì Cornell ni ó sọ ìlànà yìí di olókìkí nínú ìwé rẹ̀ ti 1962. Kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí n ó máa pè ní Ìyá Ìbejì. Ẹja yìnyín ni ó ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti ṣubú nínú ẹ̀kọ́ sítátísíìsì, bí ó bá sì ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, yóò fi odidi ọdún kan kún ọdún rẹ̀, yóò sì san owó mìíràn. Ọkọ rẹ̀ kò sọ pé kí ó fi í sílẹ̀. Ohun tí ó sọ burú ju ìyẹn lọ: ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ó ṣì wọ́pọ̀ kí ènìyàn máa san owó ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta?" Kò pariwo, kò bínú. Ìyàwó kò rí oorun sùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó wá bá mi, ó mú páálí bíi ogójì dání, ó ti kọ ìlànà ìṣirò sórí gbogbo wọn, ó sì mọ̀ wọ́n bí ẹní mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gbé ìṣirò kalẹ̀, kò mọ èwo ni yóò mú. Níbi yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra: nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, ẹ má kọ ìlànà sórí páálí nìkan. Ìṣirò gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀, irú èyí tí ó ti jáde nínú ìdánwò rí, kí ẹ sì mú ìwé kí ẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A fi ọjà rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn: iye páálí ẹja tí ó ń tà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, iye tí ó jẹ́ láàárín, àti bí ọ̀sẹ̀ kan ti ń jìnnà sí òmíràn tó. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀sẹ̀ ọdún iléyá nìkan ni ó gbé iye àárín sókè, ó pariwo, ó ní ohun tí olùkọ́ ń wí nìyẹn! Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ó ń bi í léèrè ní ìsọ̀ báyìí. Ọmọ náà kò mọ ohun tí ó ń kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ìdáhùn ìyá rẹ̀ kò bá ti ẹ̀yìn páálí mu, kì í sì í dárí jì í. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí mo ti ń kọ èyí.

Ẹ lè lo ohun kan náà fún àwọn ọmọ yín, láìra nǹkan kan. Bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ẹ má bi í pé kí ni ó kọ́, yóò ní "kò sí." Ẹ jẹ́ kí ó jẹun tán, kí ẹ wá ní kí ó ṣe olùkọ́, kí ẹ̀yin ṣe ọmọ kíláàsì, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìdáhùn. Yóò tọ́ yín sọ́nà tìdùnnútìdùnnú. Ẹ jẹ́ kí ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó ronú. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lè mú sùúrù fún ìdákẹ́jẹ́ ọmọ, a ti sọ ìdáhùn fún un tán. Ẹ má sì fi pàṣán sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè, nítorí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà a máa ronú nípa pàṣán.

Èdè Yorùbá sì ni kí ẹ fi bi í, bí ó bá jẹ́ òun ni ẹ ń sọ nílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ náà fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ dá wà. Apá kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Lójú tèmi, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu: ọmọ tí ó lè dáhùn "èéṣe" ní èdè ìyá rẹ̀ ti ní ohun tí yóò túmọ̀.

Ìwọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí o kọ lẹ́tà, bí ọmọ ọwọ́ rẹ bá ṣì ń jí ọ lóru, sùn nígbà tí ó bá sùn, má fi oorun san gbèsè ìwé. Orí tí kò sùn kì í gba nǹkan dúró. Mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún oṣù méjì, kí o gé páálí bíi ogún, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ìgbà tí ẹ̀wà bá ń jiná tó ìgbà tí ìwọ yóò dáhùn gbogbo wọn. Bí ó bá di ìparí oṣù kejì, bi ara rẹ ní páálí àkọ́kọ́ tí o kọ, kí o tó sọ fún ọkọ rẹ pé ọjà ni kí owó náà bá lọ. Bí jíjáde lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́ kò bá sì ṣeé ṣe fún ọ, rántí pé yunifásítì tí a fi ń kàwé láti ilé wà ní ilẹ̀ wa: wọ́n dá National Open University sílẹ̀ ní ọdún 1983, ìjọba ológun tì í ní 1984, wọ́n sì tún un ṣí lẹ́yìn náà.

Lóṣù tí ń bọ̀, n ó sọ bí Ìyá Ìbejì ti ṣe nínú ìdánwò náà fún yín, ìyẹn bí ó bá gbà kí n sọ ọ́.